Omi Tó Ń Sun Nínú Èrìgì Mi

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó fi wáyà tó ń to eyín sẹ́nu. Láti kékeré ni eyín òkè mi ti yọ síta, ṣùgbọ́n nígbà tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé mi ní ètè bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, mo lọ bá dókítà eyín. Ifẹ̀ ni mo máa ń lọ, láti Ẹdẹ gba Sekona.

Àárẹ̀ ọ̀nà nìkan kọ́. Bí wọ́n bá ti fún wáyà náà le, gbogbo àgbọ̀n mi á máa ro mí, ẹ̀kọ mímu ni mo ń mu sùn. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, omi tí mo bá tu jáde á pọ́n.

Màmá mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, mà. Èrìgì mi ló wú."

"Kí lo wá ń fi ìyà jẹ ara ẹ sí? Irú eyín yìí ló wà lẹ́nu bàbá ẹ, mo sì fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀."

Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo tún dé Ifẹ̀, mo sọ fún dókítà, obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí, pé kí ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, mà."

Ó fi òwú nu ìdí eyín mi gbẹ, ó wá ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ àárín eyín àti èrìgì, ó fi í síbẹ̀ díẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyẹn wà fún.

"Omi díẹ̀ máa ń sun níbẹ̀, mà, bébà yìí ló ń fà á mu. Bí wáyà bá ń ti eyín, ara máa ń tú àwọn èròjà kan sínú omi náà, kí egungun lè fún eyín láyè. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá mú kí èrìgì wú, irú èròjà kan náà á tún pọ̀ sí i. À ń ṣèwádìí ẹ̀ níbí, bí ẹ bá gbà."

"Ara mi ń bá wáyà jà nìyẹn?"

"Ó ń jà, ó sì ń tún ara ẹ̀ ṣe. Wọ́n jọ ń lọ ni."

Mo gbà. Kò fún wáyà lọ́jọ́ náà. Ó ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín mi kúrò, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ abẹ́ wáyà. Oorun ni mo sùn dé Ẹdẹ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá jẹ ni mo ń fọ kúrò lára eyín, kódà lẹ́yìn kíláàsì, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ó sú mi. Màmá ò bá mi wí mọ́. Wọ́n kàn ń bá mi po omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, èsì bébà ọjọ́sí ti dé. Dókítà ní èròjà náà pọ̀ ju ohun tí òun retí lọ, ó jọ pé ìdọ̀tí ló fà á. Ó wá tẹ èrìgì mi wò, kò ṣẹ̀jẹ̀.

"Ṣé ká yọ ọ́, mà, àbí ká máa bá a lọ?"

Mo fi ahọ́n kan wáyà náà wò.

"Fún wáyà náà," ni mo wí, "ṣùgbọ́n rọra."

Ó rọra lóòótọ́. Síbẹ̀, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú títí a fi kọjá Sekona.