Adènà Tádímórì

Ní Hyde Road, ní Gorton, láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe àti èyí tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì, ilé kan wà tí wọ́n kọ TADMOR sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjọ Yorùbá ló ń pàdé níbẹ̀. Tádímórì làwọn ń pè é. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Bọ̀wálé, ọmọ Ìlaròó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Grandpa Door ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester ń pè é.

Òun ló fún ìjọ ní orúkọ. Nígbà tí pálọ̀ rẹ̀ ṣì gbà wọ́n tán, wọ́n ka ibi tí Sólómọ́nì ti kọ́ Tádímórì ní aginjù, Bọ̀wálé sì ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn wà. Olúfúnmi, ìyàwó rẹ̀, wo fèrèsé. Òjò ń rọ̀. Ó ní, "Bàbá Tóyọ̀sí, aginjù wo ni aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ Mọ́ńdè kò tíì gbẹ?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Olúfúnmi ti sùn nínú Olúwa. Bí Bọ̀wálé bá ń nu pátákó orúkọ náà láràárọ̀ Sátidé, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló máa ń padà sí i létí.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọkùnrin kan dúró nínú òjò ní òdìkejì títì, ó ń wo òkè ilẹ̀kùn. Bàtà rọ́bà àwọn tó ń fọ mọ́tò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọdá. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá àwọn èèyàn òun wà nínú ilé. Bọ̀wálé bi í pé àwọn wo ni èèyàn rẹ̀.

Ó nàka sí orúkọ òkè ilẹ̀kùn. "Ìlú yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi."

Ó ṣe Bọ̀wálé bí ẹni pé ẹnì kan sọ fún un pé inú ọkọ̀ Nóà ni wọ́n ti bí òun. Láti ọjọ́ tó ti ń nu orúkọ náà, kò rò ó rí pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara kan ń jí, ń sùn níbẹ̀. Ìlú inú Bíbélì ló pè é. Ó ní kí ọkùnrin náà wọlé wá mu tíì.

Táòfíkì lorúkọ rẹ̀, ará Síríà. Mùsùlùmí ni, kì í bá wọn ṣe ìsìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìsìn bá ti parí, á wá sí kíṣìnnì ẹ̀yìn ìjọ, àwọn ìyá á bu ráìsì fún un, á máa sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀, Bọ̀wálé á máa gbọ́.

Ó ní ibi tí kò yẹ kí nǹkan hù ni ìlú náà wà. Ìsun omi kan ló pa á láṣẹ pé kó wà. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí ìṣáná, ṣùgbọ́n igi dàbínù àti igi ólífì ń mu ún, inú wọn ń dùn. Ọ̀wọ́ ràkúnmí tó bá kúrò létí odò Yúfúrétì, ibẹ̀ ló ń forí lé. Aṣọ sílíkì àti tùràrí ń gba ibẹ̀ kọjá, ìlú ń gba owó ibodè, ó lọ́rọ̀. Ẹni tó bá kó èrò la aṣálẹ̀ já láyọ̀, wọ́n á gbé ère rẹ̀ sára òpó òkúta lójú pópó.

Bọ̀wálé ro ìyẹn wò. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi kó èrò lọ sí Hyde tó sì kó wọn bọ̀ láyọ̀. Aago ògiri ni wọ́n fún un.

Táòfíkì ní ayaba kan jẹ níbẹ̀ tó ní òun kò ní sin Róòmù. Róòmù wá mú un lọ. Ìlú ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìwọ̀nba tó kù fi wá ń gbé inú ọgbà tẹ́ńpìlì àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá ìyá Táòfíkì, kí àwọn Faransé tó kó wọn jáde lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn odi. Ìsun omi yẹn, ojú Táòfíkì ló ṣe gbẹ. Ó ní òórùn rẹ̀ ló pẹ́ kó tó kúrò nínú ìlú.

Bọ̀wálé bi í bóyá Sólómọ́nì ló kọ́ ọ lóòótọ́. Táòfíkì ní bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń wí, pé àlùjọ̀nnú ló fi ṣe lébìrà.

"Ìyẹn," ni Bọ̀wálé wí, "a ò ní jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́."

Ìyá Táòfíkì wà ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí ogun lé e dé. Ọmọ rẹ̀ ti ya fọ́tò pátákó náà ránṣẹ́ sí i. Ìyá gbà pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àwọn ló ń ṣe ìpàdé ní Manchester. Ó máa ń kí wọn, ó sì máa ń ṣàdúrà fún wọn. Táòfíkì kò rí ẹnu sọ fún un pé Yorùbá ni wọ́n.

Nígbà tó yá, Pásítọ̀ Adémiládé, tí Bọ̀wálé gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, rí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Wythenshawe. Inú gbogbo ìjọ dùn. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ tuntun wọ ilé tuntun, kí ìjọ dìbò sí i. Oorun Bọ̀wálé dín kù. Ó mọ̀ pé bí orúkọ yẹn bá lọ, ohun tí òun àti Olúfúnmi jọ sọ lórúkọ ti lọ nìyẹn, kò sì mọ ojú tí òun yóò fi wo Táòfíkì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Miracle, akọ̀wé ìjọ, ló kọ́kọ́ dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Grandpa, ẹ má bínú o. Tí èèyàn bá search wa lórí Google, Síríà ló ń gbé jáde. Ẹnì kan tiẹ̀ ti call mi rí, ó ní ṣé a máa ń deliver kebab."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ̀wálé náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè, ilé sì dákẹ́, nítorí wọn kò rí i kó nawọ́ rí.

Ó ní, "Mo rò pé orúkọ inú ìwé ni mo ń nù. Àṣé ìlú onílùú ni. Wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀, wọn ò sì tíì kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bá wọn gbé e dání."

Ó jókòó. Màmá Morẹ́nikẹ́, tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ló fọ̀ láti ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ́nu báyìí, ẹ wá ń tì í pa bí ilẹ̀kùn?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n nawọ́, ọwọ́ tó fẹ́ orúkọ tuntun pọ̀ ju èyí tó kọ̀ ọ́ lọ fíìfíì. Pásítọ̀ wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀. Bọ̀wálé fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì lọ sí kíṣìnnì.

Táòfíkì wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà nínú fóònù. Bọ̀wálé kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní pátákó yóò sọ̀ kalẹ̀. Táòfíkì wò ó títí, ó yíjú sí fóònù, ó sọ ọ́ ní èdè wọn. Ìyá ní kí wọ́n fi ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn han òun.

"Ó ń béèrè ilé tí ẹ ti wá nínú ìlú," ni Táòfíkì wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ilé tó bá wù yín ni mo lè dárúkọ fún un."

Bọ̀wálé wo ìyá arúgbó náà. Ìbòrí funfun ló wé. Ó ń dúró.

"Sọ fún un pé ọmọ Ìlaròó ni mí, ní Nàìjíríà. Àdúrà ni a ń gbà níbí. Mi ò dé ìlú yín rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn Tádímórì."

Táòfíkì sọ ọ́. Ó ṣe Bọ̀wálé bí ẹni pé òun ti gba ohun tó kù lọ́wọ́ ìyá náà. Ìyá wá sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́, ohùn ọmọ rẹ̀ sì yí padà bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù wó tẹ́ńpìlì tí wọ́n ti bí ìyá òun, gbogbo rẹ̀ ló wó. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù lórí ìdúró. Ó ní òun ti ń rò ó pé ta ló bá àwọn dì í mú. Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Bọ̀wálé ṣí fìlà. Ó tẹrí ba fún fóònù náà, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ìyá ẹni.