Èsì Àyẹ̀wò Tí A Kò Fi Han Ìyá Rokibat

Nafisah, ìyá Rokibat, tó ń ta àgbo ní ọjà Ipata, kú ní oṣù tó kọjá. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló kọṣẹ́. Láti ọdún 2007 ni mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí irú ikú yìí máa bọ̀, mi ò sì sọ fún un. Mo kàwé, mo gboyè, mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ fún obìnrin yẹn ni mi ò sọ.

Lọ́dún náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ewé tó fi ń ṣe àgbo wá bá wa ní ilé ìwádìí ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ewé etí-Asà ló ń pè é, torí etí odò Asà ni ìyá rẹ̀ ti ń já a fún àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Ó jókòó síwájú tábìlì mi, ó wo àwọn eku inú àgò, ó rẹ́rìn-ín.

"Dókítà eku, mo mọ̀ pé ewé yìí ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, tó mu ún pẹ́, kí ni yóò ṣe é nínú?"

Nínú gbogbo àwa tí a wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ náà, ta ló béèrè ohun tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀?

A dán an wò. Lóòótọ́, ṣúgà ara àwọn eku wálẹ̀. Ìyẹn wà ní ojú-ìwé kìíní èsì wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí a la eku méjìlá tó ń mu ún lójoojúmọ́, kíndìnrín eku méje ti bàjẹ́. Ìyẹn wà ní ojú-ìwé kejì. Ọ̀gá wa wò ó, ó ní àlejò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Ẹ bá mi mú ìkejì yẹn kúrò ná. Eku méjìlá kéré. A ó tún un ṣe."

Mo yọ ọ́. Mo buwọ́ lu èyí tó kù. A kò tún un ṣe títí ọ̀gá fi kú, títí èmi náà fi fẹ̀yìn tì.

Ìyá Rokibat fi ojú-ìwé kan ṣoṣo tí a fún un sínú férémù, ó gbé e kọ́ sókè àwọn ìkòkò rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń tajà? Kò sí oníbàárà tó ń mu àgbo kí òun tó kọ́kọ́ bu ife tirẹ̀ mu lójú wọn. "Ẹ wò ó, wallahi, mo ti gbé e mì," ni yóò wí, yóò sì la ẹnu kí wọ́n rí i. Láràárọ̀, fún ọdún méjìdínlógún. Oṣù mẹ́ta péré ni àwa fi fún eku ní tiwọn. Àyẹ̀wò tí a kọ̀ láti tún ṣe, ara rẹ̀ ló fi bá wa ṣe é, kò sì mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ ra iṣu ní Ipata, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. "Dókítà eku, ẹ ò kí wa mọ́? Àbí àwọn eku ti fi yín joyè?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé iṣu mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé.

Nígbà tí àìsàn gbé e dé ọsibítù, dókítà béèrè ohun tó ń mu. Rokibat, ọmọ rẹ̀, sáré lọ gbé férémù wá. "Ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ìwé rẹ̀ nìyí." Dókítà kà á, kò rí aburú kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Rokibat ṣe ń gbé àgbo lọ fún ìyá rẹ̀ nínú fíláàsì, títí di àárọ̀ ọjọ́ tó kú.

Nígbà kan, àwòrán obìnrin yìí wà lórí kàlẹ́ńdà ilé ìwádìí náà. Ta ni wọ́n rán wá síbi fidáù rẹ̀? Kò sí. Mo lọ bá wọn. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Habibullah fún mi ní àga. "Bàbá, fáìlì 2007? Wọ́n ti kó ìyẹn dà sílé ẹrù. Ẹ lọ sinmi, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tiyín." Mo ti ṣe é, àbí? Mo ṣe é dáadáa.

Bóyá ewé náà nìkan ló pa á, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ewé kò purọ́ fún un. Àwa ni. Kí wọ́n ṣí ilé ẹrù yẹn. Kí wọ́n sọ iye èsì mìíràn tí wọ́n ti yọ ojú-ìwé kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì wá àwọn tó ń mu irú ewé bẹ́ẹ̀ rí kó tó pẹ́ jù. Kí wọ́n pe gbogbo àwa tí a buwọ́ lùwé. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe èmi.

Lánàá, mo mú ojú-ìwé kejì tí mo yọ, tó ti wà lọ́wọ́ mi láti 2007, lọ sí Ipata. Rokibat ti jókòó sí àyè ìyá rẹ̀; ó ti mu tirẹ̀ kí n tó dé. Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ti ìyá rẹ ni. Èmi ni mo fi dù ú."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

Kò bú mi. Ó gbójú sókè wo ọ̀nà tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbà jáde lọ́jà.

"Èèyàn mẹ́rìnlá ló ti mu ún lọ láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ bá mi wá wọn."