Àwọn Káàdì Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Fi Dé Ilé

Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn tipẹ́. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Àbúrò mi, Rántí, gbé ní Amẹ́ríkà kó tó wá bá mi ní Thamesmead, nílùú ọba. Bọ́ọ̀sì ló ń wà níbí. Kò láya, kì í mutí. Káàdì baseball ló gbé sórí, bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi igi gbá yẹn. Àwòrán àwọn tó ń gbá a ló wà lára káàdì náà, àwọn kan sì máa ń fowó ńlá ra èyí tó bá ti pẹ́. Bàbá onílé ẹ̀ lọ́hùn-ún ló fún un ní àwọn tó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ti ìgbà tiwa, owó iṣẹ́ ẹ̀ ló fi ń rà wọ́n, páálí lórí páálí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù fúláàtì ẹ̀ ló kó gbogbo ẹ̀ sí. Tí mo bá ní kó lọ kọ́lé sílé, á ní, "Àǹtí Ṣadé, ilé mi lẹ̀ ń wò yẹn."

Jẹjẹrẹ dé. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Rántí ní kí n lọ ta àwọn káàdì náà, kí n fi owó ẹ̀ gbé òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú wa. Òun ò fẹ́ kú sínú òtútù yìí. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní sáré?

Mo kó wọn lọ bá òyìnbó kan tó ń ra ohun àtijọ́, lẹ́yìn Beresford Square. Ó wo ti ìgbà tiwa. Ó ní wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde jù láyé ìgbà yẹn, gbogbo èèyàn ló sì tọ́jú tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá a mọ́. Mo ní kó wo ti àtijọ́. Ó ṣí páálí, ó mi orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Thamesmead rí, ẹ mọ bí ògiri wa ṣe máa ń lómi, tó máa ń bu. Omi yẹn ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn káàdì ti lẹ̀ mọ́ra wọn, bó sì ṣe ń yà wọ́n, ojú àwọn ọkùnrin náà ń bó. Ó ní ká ní wọ́n gbẹ ni, òun ì bá san owó gidi.

Mo jókòó sí bus stop, bọ́ọ̀sì ń kọjá lára mi. Ṣé kí n parọ́ fún un ni? Bí mo ṣe wọ wọ́ọ̀dù ẹ̀ ní ọsibítù, ojú mi ló kọ́kọ́ wò.

"Wọn ò rà á, àbí?"

"Wọn ò rà á, Rántí."

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Nọ́ọ̀sì wá tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe.

"Ìyẹn ni pé ibí náà ni, Àǹtí mi."



Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń dá owó tá a máa fi gbé e lọ sílé jọ nígbà tó kú. Plumstead níbí náà la sin ín sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ara yín ṣì le. Ohun tó wọ́n lánàá lè má tà lónìí. Bí ilé bá sì ń pè yín, ẹ lọ nígbà tẹ́sẹ̀ ṣì ń gbé yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹni tó ń kú lọ rí? Ṣé òótọ́ lẹ sọ fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ṣe é re.