Zbyněk, Amọ̀nà Onírọ́ Abẹ́ Ààfin

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tí kò fẹ́ràn ìlú Prague rárá, kó má ṣe wá a lọ jìnnà. Kó béèrè Zbyněk Vorlíček. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni pé kó máa fi ìlú wa han àlejò. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi gbé agboòrùn pupa sókè níwájú èrò, tó ń kó wọn láti ìdí aago ńlá wá sórí afárá, láti orí afárá gòkè lọ sí ààfin, kò sì ka ìwé kan ṣoṣo nípa ọ̀kankan nínú ibi wọ̀nyí. Ó ní ìwé kíkà máa ń ba ìtàn jẹ́.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ludvík lorúkọ mi, ṣúmékà ni mí, ojú ọ̀nà tó gòkè lọ sí ààfin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Òkúta títì ibẹ̀ ò ṣàánú gìgísẹ̀ bàtà, ohun tó sì ń fún mi lóúnjẹ nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà nílé iṣẹ́ bàtà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà gbogbo ohun tí Zbyněk ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú fèrèsé mi, bí mo ṣe ń kan ìṣó ni mo ń gbọ́ ọ. Ó nawọ́ sí ilé kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pọn bíà láyé. Ilé ìfọṣọ ni ilé náà, ojú mi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn àlejò ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lórí afárá, ère ẹni mímọ́ kan wà tí àwọn àlejò máa ń fọwọ́ pa idẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí oríire lè bá wọn. Èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀ bí eéṣú. Ọ̀lẹ paraku ni Zbyněk, kò lè dúró kí ó tó kàn án. Ló bá wá oríire tirẹ̀ síbi tí kò sí èrò: ọwọ́ idẹ tó wà lára ilẹ̀kùn ilé Květa Šafránková, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ẹni tó bá di idẹ yẹn mú, tó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì di ojú, yóò ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí po.

Báyìí ni ìyà Màmá Květa ṣe bẹ̀rẹ̀. Opó ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, àwọn ọ̀mùtí ìlú yìí máa ń tún ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló lè bá ọgọ́rùn-ún ọwọ́ jà lójúmọ́? Ó ń jẹun, ilẹ̀kùn ń dún. Ó sùn lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ń dún.

Ó jáde lọ́jọ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́ bá Zbyněk sọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ilé èèyàn nìyí o. Ilẹ̀kùn mi ti ń yí bí ẹ̀rọ ata."

"Màmá àgbà, ẹ rọra. Ṣé ẹ ò rí i pé mo ti sọ yín di olókìkí ni?"

"Olókìkí wo? Olókìkí tí ò lè sun oorun ọ̀sán?"

Alákọrí náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí èrò rẹ̀, ó sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ má dá a lóhùn. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já a sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, látìgbà náà lorí rẹ̀ ti dàrú." Gbogbo wọn ṣe "yéè," wọ́n sì gbé kámẹ́rà, wọ́n ń ya màmá olóríire ní fọ́tò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá Květa sọdá sọ́dọ̀ mi. "Ludvík, kí ni ẹranko yẹn sọ nípa mi?"

Mo sọ ọ́. N kò mú ọ̀rọ̀ kan kúrò.

"Bohumil ọkọ mi? Bohumil tó ti dé ibi ìgbéyàwó kí n tó dé, tó jẹ knedlíky, òkèlè ìyẹ̀fun sísè, mẹ́rìnlá lọ́jọ́ náà? Mú irinṣẹ́ rẹ wá."

A tú ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Zbyněk kó nǹkan bí ogójì èèyàn dé. Ó gbé agboòrùn sókè, ó wo ẹ̀yìn, kò rí idẹ. Ojú ò tì í rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbànújẹ́ ńlá! Àwọn ọmọ ogun Sweden ló jí i lọ nígbà ogun ayé àtijọ́."

Obìnrin kan tó ní irun pupa nawọ́ sókè láàárín èrò. "Ogun wo? Mo dì í mú níbí lọ́dún tó kọjá. N kò tíì rí ọkọ, èyí tí mo ní nígbà yẹn gan-an ti sá lọ."

Ẹ̀rín bú. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Màmá Květa ti ṣílẹ̀kùn, ó di idẹ náà mú lọ́wọ́. Ó pè mí pé kí n wá máa túmọ̀.

"Sọ fún wọn pé èmi àti ọkọ mi la ra èyí ní ṣọ́ọ̀bù onírin, lọ́dún tí a ra tẹlifíṣọ̀n. Orí mi ò dàrú. Ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi."

Ó rìn títí dé ìkángun ilé rẹ̀, níbi tí pátákó òkúta kékeré kan wà lára ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni Zbyněk máa ń kó àlejò tì kí wọ́n lè rí ilẹ̀kùn dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn nù ún.

"Vilém ni wọ́n kọ síbẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Oṣù Karùn-ún ọdún 1945, àwọn ará ìlú ń hú òkúta títì láti fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Jámánì. Ó gbé òkúta méjì dání nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì yìnbọn pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo wà ní fèrèsé òkè yẹn. Ogun parí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Bàbá kan ṣí fìlà. Obìnrin onírun pupa yẹn mú ìbòrùn rẹ̀, ó nu eruku ojú pátákó náà.

Zbyněk nìkan ni kò dúró jẹ́ẹ́. Bí èrò ṣe ń tú ká, ó sún mọ́ màmá, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ajá tó rí egungun. "Ìyá, ìtàn yẹn dùn gan-an o! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ jẹ́ n máa sọ ọ́ fún wọn."

Màmá Květa wò ó látòkè délẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò rántí rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a pe orúkọ náà létí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri, orí orúkọ náà gan-an ló fara tì.

"Máa lọ," ni màmá wí. Kò pariwo. Mi ò gbọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì péré tẹ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan nínú àlejò ọjọ́ náà kọ lẹ́tà sí àwọn tó gbà á síṣẹ́, wọ́n lé e kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn ìgbà òtútù méjì, Màmá Květa kú lórí ibùsùn rẹ̀, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bohumil.

Ní ti Zbyněk, aṣọ atukọ̀ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un létí odò báyìí, ó ń pín ìwé fún àwọn tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sáré bá mi, ó na ìwé sí mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi káàbọ̀ sí Prague. Ó bi mí bóyá ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé.