Ẹ̀rọ Tó Ń Lé Àgbà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ni ẹ̀rọ wa kọ́kọ́ lé àgbàlagbà. Aago náà dá mi lójú nítorí pé èmi ni mo ń wò ó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn: kí n máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ lẹ́yìn, kí n máa wo aago, kí n má sì sọ ohun tí n kò fi ojú ara mi rí.

Bàbá Zarma kan tó ń ta obì lẹ́bàá ọ̀nà ní Kirkissoye, àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú Niger, ni àgbàlagbà náà. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sórí ẹní rẹ̀. Alhaja Sàbítíyù ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. Nígbà tó dé iwájú bàbá, tó yẹ kí ẹ̀rọ dúró, ṣe ló fò síwájú, ó gun orí ẹní, obì sì fọ́n ká sínú iyanrìn. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́nà bí ẹni ń gbé ẹrù. Lẹ́yìn náà ó wò wá, ó ní, "Fofo." Ìkíni àwọn Zarma nìyẹn. Bóyá ó kí wa lóòótọ́ tàbí ó fi bú wa, n kò lè sọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà ni. Mo kọ́ nípa yíya àwòrán ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní àdúgbò Bobiel sì gbà mí. Ìwádìí tiwọn ni bí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ ṣe lè máa lọ sí ibi tó wù wọ́n ní Niamey láìjẹ́ pé ẹnìkan gbé wọn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ti wà nílùú, ṣùgbọ́n iyanrìn máa ń dá a dúró. Faba-faba, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ìlú ń wọ̀, kì í sì í ní sùúrù fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ láti gbé wọlé. Nítorí náà ni ọ̀gá wa, ẹnjiníà tó ń jẹ́ Sumana, ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo bátìrì. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀, ó dúró ní iwájú àyà ẹni tó jókòó. Bí o bá tì í síwájú, ẹ̀rọ á lọ. Bí o bá fà á padà, á dúró. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò lágbára pàápàá lè fi apá lásán wà á. Mo gbà pé ọgbọ́n gidi ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Alhaja Sàbítíyù ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gùn ún wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń gbé ní Kirkissoye, ó ń ta aṣọ ní Maourey, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti rọ láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Mùfútáù, ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́jà ní àárọ̀, ìgbà tí oorun bá dá lójú Mùfútáù sì ni ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ọdún yẹn ó gbé ìyàwó, ó sì wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó sílé kí ẹ máa jẹun. Ìyàwó mi á máa bá yín tajà."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ebi ń pa mí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà di ti àwọn àgbà. Bàbá Làmídì, tó dàgbà jù nínú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey, ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní tí Alhaja bá lè dá wá láti Kirkissoye, kó gba orí afárá Kennedy kọjá, kó dé Maourey lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láì ṣe ara rẹ̀ léṣe, láì sì ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe, kí Mùfútáù kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Tí kò bá lè ṣe é, kí ìyàwó Mùfútáù gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá wo irú ìṣòro tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí a gbójú lé ń gun orí ẹní àgbàlagbà.

Sumana ní ooru ló ń da wáyà láàmú. Oníná ilé iṣẹ́ wa ní iyanrìn ló wọnú rẹ̀. Èmi ní kò tíì sí ẹ̀rí fún ìkankan nínú méjèèjì.

"Ìwọ yìí," ni Sumana wí, "bí òjò bá ń pa ọ́, wàá ṣì máa wá ẹ̀rí."

A gbé ẹ̀rọ padà sí Bobiel. Alhaja wà á yí ká àgbàlá wa títí di ìrọ̀lẹ́. A ń rìn kọjá níwájú rẹ̀, a ń pè é, a tilẹ̀ fa ewúrẹ́ aládùúgbò kan kọjá. Ẹ̀rọ ń dúró bí ọmọ tó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dé ìgboro, ó tún lé bàbá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbé kẹ́tù omi àlùwàlá dání. Bàbá náà fo gọ́tà kan tí èmi kò tíì dán wò rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà!" Alhaja ń pariwo. "Èmi kọ́ o! Ẹ̀rọ ni!"

Mo sọ fún Sumana pé àwọn méjèèjì tí ẹ̀rọ lé ní irùngbọ̀n funfun.

"Ṣé ẹ̀rọ ń mọ ọjọ́ orí èèyàn ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ènìyàn méjì kéré jù láti fi fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀."

Ẹnì kẹta kò pẹ́ kó tó dé. Ní Ọjọ́rú, Bàbá Làmídì fúnra rẹ̀ wá sí Kirkissoye láti fi ojú rí nǹkan tí òun dá sí. Mùfútáù bá a wá. Bí Alhaja ṣe rí Bàbá ni ẹ̀rọ ti gbéra. Ó lé e dé ara ògiri, táyà iwájú sì tẹ etí agbádá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Sàbítíyù! Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ dákun, Bàbá." Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ síwájú tó. Táyà ni mo ń wò, n kò wo ẹni tó jókòó.

Mùfútáù ká apá mọ́ àyà. "Gbogbo yín ti rí i. Ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta la dá," ni Bàbá wí láti ara ògiri. "Ẹ kọ́kọ́ yọ mí ná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sínú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́, mo ń yẹ wáyà rẹ̀ wò, ni Bàbá Làmídì bá wọlé, ó gbé agbádá tó ya dání láti fi hàn wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. N kò lè dìde kíákíá nítorí wáyà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo bá tẹ̀ síwájú níbi tí mo jókòó sí, mo dorí kodò.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

Ẹ̀rọ fò. Nígbà tí mo gbé orí sókè, Bàbá tó máa ń sọ pé eékún kò jẹ́ kí òun gun àtẹ̀gùn ti wà lórí tábìlì Sumana.

"Ìwọ náà?" ló bi mí.

Mo wo ara mi. Àyà mi ló wà lórí ọ̀pá.

Ó wá yé mi. Obìnrin Yorùbá máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Alhaja kò lè kúnlẹ̀, nítorí náà ó máa ń tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún. Bó bá ti tẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á ti ọ̀pá. Ní Bobiel, òun ló dàgbà jù láàárín gbogbo wa. Kò sí ẹni tó máa tẹrí ba fún, àfi ewúrẹ́.

Sumana rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà kíá. "Ẹ sọ fún Hajiya kó má tẹrí ba mọ́. Kó máa na ọwọ́ sókè bí àwa ará ibí ṣe ń ṣe."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Alhaja.

"Kí n nàró gbọnrangandan kí n máa na ọwọ́ sí Bàbá bí ẹni ń dá takisí dúró? Kí wọ́n ní Sàbítíyù rí ẹ̀rọ gùn, ó gbàgbé ilé? Mo kúkú lè jókòó sílé."

"Alhaja, tí ẹ bá jókòó sílé, Mùfú ló jẹ."

"Ẹ lọ tún ẹ̀rọ yín kọ́. Èmi ti wà láyé kó tó dé."

Mo dámọ̀ràn pé ká yí iṣẹ́ ọ̀pá padà: kí fífà mú un lọ, kí títì dá a dúró. Sumana ní gbogbo ayé ló ń ti nǹkan síwájú tí wọ́n bá fẹ́ lọ síwájú. Mo ní n kò ní ẹ̀rí nípa gbogbo ayé, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rí nípa àgbàlagbà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí wáyà padà. Bàbá Làmídì gbà láti dúró kí Alhaja kí i wò lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá lè gbé dúrọ́ọ̀mù epo sí iwájú òun. Alhaja tẹrí ba. Ẹ̀rọ dúró gbọin. Bàbá yọjú lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ó ní, "Tún mi kí." Ó tún un kí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gun kabu-kabu, alùpùpù tó ń gbé èrò, mo tẹ̀ lé Alhaja ní òkèèrè. Àdéhùn ni pé n kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kò rò ni pé yóò máa dúró fún gbogbo àgbà tó bá pàdé, Niamey sì kún fún àgbà. Lórí afárá Kennedy, ó kí bàbá arúgbó kan tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bàbá náà dá a lóhùn, ó béèrè ilé, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe wọ́n sí. Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn wọn.

Awakọ̀ faba-faba kan yọ orí síta. "Hajiya, ṣé pálọ̀ yín ni afárá ni?"

"Má dí mi lọ́wọ́," ni Alhaja wí, "ọ̀rọ̀ àgbà ni mò ń gbọ́."

Nígbà tó dé Maourey, oòrùn ti mú. Bàbá Làmídì wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, Mùfútáù dúró tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó pẹ́," ni Mùfútáù wí. "Oníbàárà ti lọ."

"Kí ló dá ọ dúró, Sàbítíyù?"

"Ìkíni ni, sà."

Bàbá kọjú sí Mùfútáù. "Ṣé a ní kó yára ni? A ní kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Èèyàn tó kí, ṣé ó ṣèèyàn léṣe?"

Mùfútáù na kọ́kọ́rọ́. Alhaja gbà á, ó sì fẹ̀yìn ti àga láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kejì kò tíì kúrò lórí ọ̀pá. Ó fa ọ̀pá náà bó ṣe ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ gbéra, ó ti Mùfútáù mọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Làmídì ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ńṣì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Mo pe Sumana lórí fóònù.

"Ìkíni ti yanjú, ọ̀gá. Ó ku ẹ̀rín."

Láti ìgbà náà, a ti gbé ọ̀pá kúrò níwájú àyà, ó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ àga. A ṣì ń dán ìyẹn wò, n kò sì tíì fẹ́ sọ pé ó ti dára. Àwọn kan ní Mùfútáù ti gba kámú. Àwọn mìíràn ní ó kàn ń dúró kí bátìrì kú ni. N kò bi í. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé mo kọjá ní Maourey ní àárọ̀ àná. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Alhaja ń wọn aṣọ fún obìnrin kan, obìnrin mìíràn ń dúró dè é, Mùfútáù sì wà lẹ́yìn ẹni kejì yẹn, ó tò sórí ìlà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí àyè dá a lóhùn.