Gáùn Tí Fèyíkẹ́ Rán fún Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá mọ Addo dáadáa á mọ ojú wíńdò Fèyíkẹ́. Òun ni wíńdò tí gáùn àti bùbá máa ń rọ̀ sí láti àárọ̀ di alẹ́, tó fi jẹ́ pé àlejò á rò pé aṣọ ni wọ́n ń sá. Aṣọ kọ́ ni wọ́n ń sá o, oníbàárà ni wọ́n ń pè. Fèyíkẹ́ ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Bó ṣe ń tẹ máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ ló ń sáré lọ ro ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹnu bá Ṣèyílọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ka ABD, tí Quadri ọmọ ọwọ́ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí á máa fa irun rẹ̀ tu. Ọkọ rẹ̀, Jàmíù, ń lẹ táìsì ní àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní VGC. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jà, kì í pariwo, bó bá ti jẹun tán, oorun ló kàn.

Ọkọ rere, ọmọ méjì, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Kí ni obìnrin yìí tún wá ń fẹ́? Ẹ má bi mí. Owú ló ń jẹ. Kì í ṣe owú ọkọ, nítorí táìsì nìkan ni orogún tí Jàmíù fẹ́ lé e. Owú Waliyat ni.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ ní Ìkirè, lọ́dọ̀ Àǹtí Afusat. Fèyíkẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fúrídọ̀mù nígbà tí wọ́n mú Waliyat wá, ọmọdébìnrin tínínrín tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Fèyíkẹ́ ló kọ́ ọ. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún un níka, tí gbogbo ọmọṣẹ́ ń fi í rẹ́rìn-ín, Fèyíkẹ́ ló di ìka náà mú, tó tẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, tó ní, "Dákẹ́ jàre. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ò bá tíì gún, kò tíì kọ́ṣẹ́." Láti ọjọ́ náà ni Waliyat ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Wàyí o, àbúrò ti gòkè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Thomas Estate. Gíláàsì ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àwọn ìyàwó olówó VGC a sì máa fi jíìpù wá wọn ara níbẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ń dun Fèyíkẹ́ jù ni pé Waliyat ò gbéraga. Ká ní ó gbéraga ni, à bá rí nǹkan fi bú u! Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ṣì ń gbé iṣẹ́ wá fún un, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bọ́tìnnì sí eléyìí, ọwọ́ yín ló mọ́ jù." Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Fèyíkẹ́ á gbé aṣọ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, á máa wá àṣìṣe lára rẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Kò ní rí i. Inú á tún wá bí i pé òun ò rí i. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wo egungun ọrùn Fèyíkẹ́, ẹ ó gbà pé àwọn àgbà ò parọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Fèyíkẹ́ ní tí Waliyat ò ní. Ọmọ ni. Waliyat ti pẹ́ nílé ọkọ, Ọlọ́run ò tíì dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde, Fèyíkẹ́ náà kì í sì í sọ ọ́. Àmọ́ nígbà míì, bí jíìpù mẹ́ta bá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Waliyat lójú rẹ̀, á fa Ṣèyílọ́lá mọ́ra, á sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ó dáa náà. Eléyìí ò sí nínú gíláàsì tìẹ." Ṣé ẹ rí i pé kò dáa? Kò dáa rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà rèé títí di ìgbà tí Ṣèyílọ́lá fẹ́ parí nọ́sìrì. Ilé ìwé ní kí gbogbo ọmọbìnrin wọ gáùn funfun wá, torí pé wọ́n máa jáde síwájú àwọn òbí, wọ́n máa kọrin, wọ́n máa gba ẹ̀bùn. Ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà ti ṣọ́ọ̀bù Waliyat dé, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá máṣíìnì ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, Àǹtí Wali ni mo fẹ́ kí wọ́n rán gáùn mi."

Ẹsẹ̀ Fèyíkẹ́ dúró lórí máṣíìnì. "Kí nìdí?"

"Tiwọn máa ń dúró. Ó máa ń dúró báyìí bí agboòrùn. Tiyín máa ń sùn."

Háà! Gáùn ń sùn! Ọmọ tí òun fi oṣù mẹ́sàn-án gbé nínú!

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yẹn? Ṣé Àǹtí Wali ló ní kí o wá sọ ọ́?"

"Rárá, Mọ́mì. Ojú mi ni mo fi rí i."

Ká ní ẹlòmíì ló kọ́ ọ ni, ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ náà gún Fèyíkẹ́ lọ́kàn ju bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmọ nọ́sìrì gún èèyàn lọ. Ó fi Ọlọ́run búra pé kò sí ọwọ́ tó máa rán gáùn náà àfi ọwọ́ òun. Ó máa dúró. Ó máa dúró débi pé bí Ṣèyílọ́lá bá jókòó, gáùn ò ní jókòó. Nígbà tí Waliyat wá gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, Fèyíkẹ́ ò tilẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán tó fi ní, "Ṣèyí ti ní télọ̀ tiẹ̀ o."

Waliyat rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń bá yín du ọmọ yín?"

Ẹ̀rín lásán ni, ṣùgbọ́n etí òjòwú kì í gbọ́ ẹ̀rín lásán.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ra sátíìnì tó ń dán, ó ra nẹ́ẹ̀tì, ó gé e gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gé aṣọ ọdún wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, láìwọ̀n, kìkì ojú. Kí etí rẹ̀ lè dúró, ó fi òwú ọ̀rá sí i, òwú kan tó mọ́ gaara bí omi, tó sì le koránkorán. Ó fi sí ìdí gáùn, ó fi sí apá, ó tún fi sí ọrùn, níbi tó ṣẹ́ ẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo télọ̀ ló mọ̀ pé bí a bá fi òwú ọ̀rá ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ fi aṣọ rírọ̀ bò ó nínú, torí pé ó máa ń gún ara. Fèyíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́ Waliyat bẹ́ẹ̀ ní Ìkirè. Ṣùgbọ́n owú ò jẹ́ kó rí ti inú rò. Ìta ni Waliyat máa wò, ìta ló gbájú mọ́.

Nígbà tó tán, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ṣèyílọ́lá yí po, gáùn yí po.

"Mọ́mì, ó dúró!"

Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu Fèyíkẹ́ lọ́jọ́ yẹn! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ilẹ̀ ọjọ́ ayẹyẹ mọ́, ara Quadri gbóná bí ààrò. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i ju kó gbé e lọ sí sẹ́ńtà ìlera. Jàmíù ti rí i bẹ́ẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Fèyíkẹ́ pè é lórí fóònù, ó ní ta ló máa bá Ṣèyí lọ síléèwé báyìí?

"Mo ti pe Waliyat," ni Jàmíù wí. "Ó ti ń bọ̀."

"Ẹ pe ta?"

"Waliyat. Ṣé kì í ṣe àbúrò rẹ ni?"

Fèyíkẹ́ fẹ́ bínú, ààyè ìbínú ò sí. Waliyat dé, ó kúnlẹ̀, ó wo Ṣèyílọ́lá, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, gáùn yìí mà dúró o!" Fèyíkẹ́ ò tilẹ̀ gbọ́. Báàgì tó wà lọ́wọ́ Waliyat ló ń wò. Aṣọ funfun yọ lẹ́nu báàgì náà díẹ̀. Waliyat ti rán gáùn mìíràn pamọ́! Fèyíkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó gbé Quadri pọ̀n, ó gba ọ̀nà sẹ́ńtà lọ. Láàárín àwọn ìyá ọmọ tó jókòó de nọ́ọ̀sì, gáùn inú báàgì yẹn nìkan ló ń rò.

Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún. Waliyat ló kọ̀wé sí i lórí Wọ́sáàpù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́, láìsí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan: "Egbon mi, owu yin le ju o. Omo n sunkun. Se ki n wo eyi to wa lowo mi fun un?"

Fèyíkẹ́ kà á. Ó tún un kà. Owú yín le jù. Owú yín! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hó. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tẹ fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́, gbogbo sẹ́ńtà sì gbọ́ ọ.

"Waliyat! Èmi lò ń sọ fún pé owú mi le? Owú kí ni? Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú? O ti gba oníbàárà, o ti gba orúkọ, ó wá ku ọmọ. O rò pé mi ò rí gáùn tí o kó sínú báàgì? Bí ó bá ń wù ọ́ láti wọṣọ fún ọmọ, lọ bí tìẹ! Fi tèmi sílẹ̀!"

Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ wo Fèyíkẹ́. "Ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé sọ sí obìnrin. Bó bá ṣeé pa rẹ́, tètè pa á rẹ́."

Fèyíkẹ́ wo fóònù. Àmì búlúù ti yọ. Waliyat ti gbọ́ ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Fèyíkẹ́ ń wo fóònù náà títí nọ́ọ̀sì fi pè é, títí wọ́n fi fún Quadri ní oògùn, títí tó fi wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá padà sílé. Èsì ò dé.

Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé, bí òun bá rí gáùn Waliyat lọ́rùn ọmọ òun, òun máa ya á ni. Nígbà tí Waliyat mú Ṣèyílọ́lá dé, gáùn tí òun fúnra rẹ̀ rán ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Ó dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń fò sókè. "Mọ́mì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Tíṣà ní gáùn mi ló dáa jù! Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ rán an!"

Fèyíkẹ́ fà á mọ́ra, ìgbà náà ló rí ọrùn rẹ̀. Ó pọ́n yíká, ó bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ẹ̀gún fà lára. Ó ṣí ọrùn gáùn wo inú rẹ̀. Wọ́n ti fi bíléèdì tú òwú ọ̀rá ọrùn àti ti apá kúrò. Wọ́n ti fi aṣọ funfun rírọ̀ bò ó yíká, wọ́n sì fi ọwọ́ rán an, ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó jọra wọn. Ó yíjú sí báàgì Waliyat. Gáùn tó wà nínú rẹ̀ ti ya. Waliyat ti ya gáùn tirẹ̀ kó lè rí aṣọ fi bo inú ti Fèyíkẹ́.

"Òwú ni mo kọ, ẹ̀gbọ́n mi," ni Waliyat wí. Kò gbóhùn sókè. "Òwú ìránṣọ. Òwú ọ̀rá yẹn le jù, ó ń gún ọmọ lọ́rùn, ó ń sunkún. Mo ní kí n bi yín kí n tó pààrọ̀ aṣọ fún un. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín, mi ò pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo tún tiyín ṣe."

Òwú! Òwú lásán làsàn! Fèyíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé owú síbi tí wọ́n ti kọ òwú, torí pé owú ló ti wà nílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kí ìwé tó dé. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, Waliyat di apá rẹ̀ mú, kò jẹ́.

"Waliyat, mo jowú rẹ," ló sọ, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Owú ló sọ̀rọ̀ yẹn, èmi kọ́."

Waliyat ń ká gáùn tó ya náà. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ owú yín tipẹ́. Mo máa ń rí i lójú yín bí mo bá ti ń wọlé, mo sì ń wá bẹ́ẹ̀ náà ni. Èèyàn lè jowú ẹni tó fẹ́ràn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀yin náà ń ka oṣù fún mi, bíi tàwọn ará ilé ọkọ mi. Ilé yín nìkan ni mo máa ń wọ̀ tí mi ò ní rántí pé mi ò bímọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ní kí Ṣèyílọ́lá lọ bọ́ gáùn kó má bàa dọ̀tí, ó fọwọ́ kan orí Quadri bóyá ara rẹ̀ ti rọ̀, ó sì jáde.