Ìtọ̀ Ni Mo Ń Tọ̀, Mi Ò Jalè

Bí ẹ bá fẹ́ bá Nọ́fíù jà, ẹ jẹun yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìjà náà kò ní tètè parí. Gbogbo Àtìkórí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tó bá ti ní ó gún, ó gún náà nìyẹn. Oníbàárà tó bá ní ó wọ́, kó lọ tún ilé rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pákó ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀. Ohùn ni. Òun ni ládàánì mọ́sálásí rátíbì àdúgbò wọn, òun ló sì ń pe ìrun níbẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Kí iná lọ, kí máìkì bàjẹ́, kò kan Nọ́fíù. Á fi ìka bọ etí, á na ohùn, ẹni tó ti dé oko á gbọ́.

Ohun tó wá fẹ́ gba ìrun pípè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ikọ́, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Ìtọ̀ ni.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá lọ tọ̀, á dúró, á dúró, bí ẹni tó ń retí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́jọ́ ọdún. Èyí tó máa jáde kò ní tó nǹkan. Á rò pé ó ti parí, á so ṣòkòtò, á ṣe àlùwàlá, kó tó dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, ó ti kán sí i lára. Èyí ló ń dùn ún jù. Ẹni tí ìtọ̀ bá kán sí lára, àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́. Á padà sídìí bútà omi, á tún ẹsẹ̀ fọ̀, á tún ojú bọ́. Àwọn tó wà nínú ilé ìrun á máa wo ara wọn. Zubair, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tó jẹ́ igbákejì ládàánì, á na ọwọ́ sí máìkì. Ibẹ̀ ni Nọ́fíù á ti sáré wọlé, tomi tomi lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ṣe sinmi díẹ̀?"

"Ìsinmi wà ní sàárè. Gbé e wá."

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló kọ́kọ́ gbé lé. Ó ní nǹkan dídùn ni òun jẹ jù. Ó mu àgbo títí inú rẹ̀ fi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ìtọ̀ kò yí ohùn padà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ọsibítù lójú rẹ̀, á ní ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí àgbà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe alágídí kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà. Abibat ìyàwó rẹ̀, tó ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó sì ń tà á fún àwọn Hausa, kò gbẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó gbogbo ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó fọ̀, kò sá wọn sẹ́yìnkùlé. Ó gbé wọn wá síwájú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ń tẹ́ wọn sórí pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́fíù gbé òòlù dúró lókè. "Kí lèyí?"

"Ṣòkòtò yín ni. Mo ti fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Láti òní lọ, ibí ni n ó máa sá a sí, kí dede ará ọ̀nà máa bá wa wò ó. Àyàfi bí ẹ bá bá mi lọ sí ọsibítù."

"O fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ìtìjú lẹ fi ń kárùn, Bàbá Hidayah. Èmi ò ní bá yín kó o."

Ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó níwájú dókítà nínú Ìjẹ̀bú-Igbó. Obìnrin ni dókítà náà, Ìbíyẹmí lorúkọ rẹ̀, kò ju Hidayah ọmọ wọn lọ. Nọ́fíù wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní orí ló ń fọ́ òun.

"Kì í ṣe orí," ni Abibat wí. "Ìsàlẹ̀ ni."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í ní ìbéèrè títí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹran kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, kò ju awùsá lọ, pròsítéètì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, òun náà máa ń wú, bó bá sì wú tán, á fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ti Nọ́fíù kò jọ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, bàbá. Kò sì sí ẹni tó fi ṣe yín."

Ó fún un ní oògùn méjì. Ọ̀kan ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀. Èyí á tètè fi ara hàn. Ìkejì ń mú kí ẹran náà súnkì, oṣù ló máa ń gbà, kí bàbá má sọ pé kò ṣiṣẹ́ kó jù ú nù, kí aláboyún má sì fọwọ́ kàn án bó bá ti fọ́. Ó béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò tẹ́lẹ̀. Abibat tú páálí rẹ̀ jáde látinú báàgì, dókítà sì kà á dáadáa kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́, bàbá. Èyí tó ń dẹ ọ̀nà yìí, ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀. Bí ẹ bá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ yín. Ẹ máa jẹun kí ẹ tó lò ó, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Àgbo, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí kátá bá mú yín, ẹ má kàn lọ ra oògùn kátá ní kẹ́mísì. Òmíràn wà níbẹ̀ tó lè dí ìtọ̀ yín pa."

Nọ́fíù dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi ń já geere, ṣòkòtò sì dínkù lórí okùn. Ládàánì tún ń dé mọ́sálásí ṣáájú Zubair. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù àwẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ládàánì, ẹ ò lè mọ̀. Ní àṣálẹ́ oṣù àwẹ̀, ẹnu ọkùnrin yìí ni gbogbo àdúgbò ń wò. Àwọn yòókù lè jókòó ti àkàrà àti ẹ̀kọ, ti ládàánì kò rí bẹ́ẹ̀. Èso dàbínù kan, omi díẹ̀, ó ti dìde sídìí máìkì. Oúnjẹ di ẹ̀yìn ìrun. Nọ́fíù bá jókòó, ó ronú, kò bi ẹnikẹ́ni. Oògùn ìfúnpá tó ń lò láàárọ̀, àwẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sún un sí àṣálẹ́. Èyí tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, dókítà ní lẹ́yìn oúnjẹ. Ó dáa, ṣé dàbínù kì í ṣe oúnjẹ ni? Ṣé òkúta ni? Ó ń jẹ dàbínù kan, ó ń da oògùn méjèèjì lé e lórí nínú ikùn tó ti ṣófo láti àsùbá, ó ń dìde láti pe ìrun.

Ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bó bá dìde, ó ní ebi ni. Títí di àṣálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ń kí Màgáríbì, Lèmọ́mù ní "Allahu Akbar", gbogbo sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, gòkè láti ìforíkanlẹ̀, Nọ́fíù náà gòkè. Ògiri yí. Ó wá ibi dì mú, kò rí, ó sì ṣubú lu Zubair gbì.

Nígbà tó lajú, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Oògùn ti já bọ́ látinú àpò agbádá rẹ̀, ẹnìkan sì ti mú un lọ sábẹ́ iná. "Ha! Oògùn pròsítéètì nìyí." Ọ̀rọ̀ yìí dun Nọ́fíù ju ibi tó fi lulẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Lèmọ́mù Àbdùlgàfár wá kí i, Zubair tẹ̀ lé e. Àgbà jẹ́jẹ́ ni Lèmọ́mù, kì í pariwo. Ó gbàdúrà, ó yin Nọ́fíù títí, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá.

"A fẹ́ bò ọ́ láṣìírí ni. Ní àṣàlátù ọjọ́ Àìkú, n ó kéde pé ọjọ́ orí ló dé, pé o ti fẹ̀yìn tì. Zubair á máa pè é. A ó ṣe àdúà pàtàkì fún ọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mẹ́nu ba ti... ti èyíinì."

Nọ́fíù ń wo ẹnu Lèmọ́mù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kó oògùn, ó jù ú sẹ́sẹ̀ Abibat. "Kó wọn dà nù. Oògùn tó fẹ́ gba mọ́sálásí lọ́wọ́ mi, kò wúlò fún mi."

Abibat ṣà wọ́n, ó gbọn eruku kúrò lára páálí. "Ẹni tó fún yín ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá jà. Ẹ dìde. Jẹ́jẹ́."

Dókítà Ìbíyẹmí wọn ìfúnpá rẹ̀, ó sì ní kó sọ bó ṣe lò ó. Nọ́fíù ní lẹ́yìn oúnjẹ ni, bí wọ́n ṣe sọ.

"Kí lẹ ń jẹ?"

"Dàbínù."

"Mélòó?"

Nọ́fíù wo àjà. "Ọ̀kan."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, dàbínù kan kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ kó oògùn méjì tó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ sínú ikùn òfìfo, nínú ara tí kò rí omi mu, ẹ wá ń foríkanlẹ̀ tẹ́ ẹ tún ń dìde. Ìyanu ni pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó ṣubú." Ó tún un tò: ti ìfúnpá nígbà sààrì, ti ìtọ̀ lẹ́yìn ìrun, bó bá ti jẹun yó. Kó máa jókòó ná kó tó dìde. Kó padà wá kí wọ́n tún wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí òòyì bá tún kọ́ ọ, kó fi àwẹ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀, òun á sì wo bóyá kí òun pààrọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

"Ìrun pípè ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é? Ọ̀fun yín kò ṣàìsàn."

Nọ́fíù yí sí ìyàwó rẹ̀. "Abibat, ṣé o gbọ́?" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ fò dìde. Abibat fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sórí àga.

Ọjọ́ Àìkú pé. Mọ́sálásí kún. Lèmọ́mù ti gba máìkì, ó ti ń sọ pé ọjọ́ orí kò mọ ọba, kò mọ ìjòyè, nígbà tí Nọ́fíù gbé ọwọ́ lé ògiri, tó ń dìde díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i.

"Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ orí kọ́."

"Nọ́fíù, jẹ́ ká bò ọ́ láṣ..."

"Àṣírí wo?" Ohùn tó ń dé oko ló fi sọ ọ́, kò gba máìkì. "Ìtọ̀ ni mo ń tọ̀, mi ò jalè! Mi ò gbé ìyàwó oníyàwó. Ẹran kan ló wú nínú mi. Ó wà nínú ẹ̀yin náà, dede ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ má wolẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dìde nígbà wáàsí, tí ẹ máa ń ní ẹ fẹ́ lọ wo ọ̀kadà yín, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò ní ọ̀kadà."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àwọn ọkùnrin kò rín.

"Oògùn kọ́ ló gbé mi ṣubú. Èmi ni mo ṣì í lò, agídí mi ni. Mo ti padà lọ béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìrun pípè lọ́wọ́ mi, ẹ sọ pé mo ṣẹ̀. Ẹ má fi ojú àánú gbà á." Ó yí sí Lèmọ́mù. "Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń kán lára rẹ̀, ṣé ìrun ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ni?"

Lèmọ́mù gbé máìkì sílẹ̀. "Kó fi aṣọ dí i," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá wọlé, kó ṣe àlùwàlá tuntun. Ìrun rẹ̀ pé."

"Ìrun mi pé." Nọ́fíù jókòó, bó ṣe dìde náà ló ṣe jókòó, díẹ̀díẹ̀. Lèmọ́mù kò kéde mọ́.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ dàbínù rẹ̀, ó mu omi, ó pe Màgáríbì. Oògùn wà lọ́wọ́ Abibat, ó ń dúró de ẹ̀kọ àti àkàrà. Nínú ìrun, nígbà tí sàfù gòkè, ó jókòó ná, ó mí, kó tó dìde. Kò sí ògiri tó yí.

Bí wọ́n ti kírun tán, ó lọ sídìí bútà. Ẹnìkan fa apá agbádá rẹ̀. Lèmọ́mù ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Nọ́fíù, oògùn yẹn... ṣé mo lè rí ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ rẹ? Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣe mí."

Nọ́fíù wo ọkùnrin tó fẹ́ bò ó láṣìírí. Inú bí i, àánú sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

"Rárá," ló wí. "Oògùn mi kì í ṣe ẹ̀pà. Lọ́la, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ sí ọsibítù. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Ẹ má sì sọ fún ọmọ dókítà yẹn pé orí ló ń fọ́ yín."

Nígbà tó jẹun tán, tó lo oògùn tán, àkókò Ìṣáì ti tó. Zubair ti dúró sídìí máìkì, ó di í mú, kò mọ̀ bóyá kí òun pè é tàbí kí òun má pè é. Nọ́fíù ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sáré. Ó na ọwọ́.

"Gbé e wá."